Ìdí Tí A Fi Ra Pọ́ǹpù Sítíárìn Lẹ́ẹ̀mejì, Àti Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Ọ́ìlì Páwà Píkọ́ọ̀pù

Ní ìpàdé oṣù tó kọjá, nígbà tí akápò ka ìnáwó sétí gbogbo ilé, ìyá kan láàárín wa dìde. Wọ́n fẹ́ mọ ìdí tí ẹgbẹ́ fi ra pọ́ǹpù sítíárìn lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan fún píkọ́ọ̀pù kan ṣoṣo. Wọ́n ní, "Àbí pọ́ǹpù ni ọkọ̀ yín ń jẹ ni?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Owó yín ni. A ṣèlérí pé a óò fi èsì rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn oṣù yìí, kí àwọn tí kò wá sí ìpàdé náà lè rí i kà. Èsì náà kò gùn rárá: ọ́ìlì ni a kò pààrọ̀. Àlàyé rẹ̀ ni ó gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ bá wa kà á.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń wa ọkọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ yóò rántí píkọ́ọ̀pù Pijó 504. Púpọ̀ nínú wọn kò ní páwà. Bí ọkọ̀ bá dúró sójú kan, agbára apá dírébà nìkan ni ó ń yí táyà, kò sí ohun mìíràn tó ń ràn án lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá jẹun kánú, kò gbọdọ̀ yíwọ́ padà nínú ọjà. Hilux tí ẹgbẹ́ ń lò yìí ní páwà, ìyẹn ni pé ọ́ìlì ń bá dírébà ti táyà. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Ọkọ̀ Imperial tí ilé-iṣẹ́ Chrysler ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1951 ni ó kọ́kọ́ gbé e dé ọjà fún gbogbo ènìyàn.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, bẹ́líìtì kan wà tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí pọ́ǹpù kékeré kan. Pọ́ǹpù náà ń fa ọ́ìlì láti inú ike kan, ó sì ń fi agbára ńlá tì í gba inú hóòsì líle lọ sínú bọ́kìsì sítíárìn. Bí dírébà bá yíwọ́ sí ọ̀tún, ọ́ìlì yóò gba apá kan nínú bọ́kìsì náà, yóò sì ti irin tó ń yí táyà. Bí ó bá yíwọ́ sí òsì, apá kejì ni ọ́ìlì yóò gbà. Nígbà tí ó bá ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán, yóò gba hóòsì mìíràn padà sínú ike, pọ́ǹpù yóò sì tún fà á. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yípo láti àárọ̀ dalẹ́.

Ọ́ìlì kan náà yìí ni ó ń mú kí irin inú pọ́ǹpù máa yọ̀, kí wọ́n má baà máa ha ara wọn. Òun náà ni ó ń gbé ooru kúrò, òun ni kò sì jẹ́ kí rọ́bà síìlì gbẹ. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, gbogbo wa mọ̀ pé a gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Dírébà tí kò bá pààrọ̀ rẹ̀, a óò bá a wí. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì páwà, ta ló ń rántí rẹ̀? Nítorí pé kì í jó tán, àwọn ènìyàn rò pé kì í gbó. Ó ń gbó. Ooru ń sè é lójoojúmọ́. Inú hóòsì ń yọ èérún rọ́bà díẹ̀díẹ̀, irin náà ń yọ lẹ́bú tí ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí, gbogbo rẹ̀ ń lọ sínú ọ́ìlì. Ọ́ìlì tó ti di bẹ́ẹ̀ kò mú irin yọ̀ mọ́, ńṣe ni ó ń lọ̀ ọ́ bí ẹni ń lọ ata.

Ní ti Hilux wa, tòkunbọ̀ ni a rà á. Láti ọjọ́ tí a ti rà á, a kò pààrọ̀ ọ́ìlì páwà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a kò sì mọ̀ bóyá ẹni tó lò ó kí ó tó dé ọwọ́ wa pààrọ̀ rẹ̀ rí. Bí ó bá ti lọ sílẹ̀, dírébà á bu díẹ̀ kún un, ó tán. Ní ọdún tó kọjá, sítíárìn bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ọmọ ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá yíwọ́. A gbọ́ ọ, ẹ̀yin náà gbọ́ ọ nínú ọjà. A ní ariwo lásán ni.

Ọjọ́ kan, ọkọ̀ náà ru iṣu àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa bọ̀ láti ọ̀nà Èfọ̀n Alààyè. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà náà mọ bí òkè rẹ̀ ti rí, àti bí kọ́nà rẹ̀ ti pọ̀ tó. Níbi tí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀, pọ́ǹpù náà gan, bẹ́líìtì rẹ̀ sì fò jáde. Lójijì, sítíárìn le bí òkúta mọ́ dírébà lọ́wọ́ nínú kọ́nà. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bí ó ti rí: bí páwà bá kú, sítíárìn kò já, táyà yóò ṣì máa tẹ̀lé ọwọ́ dírébà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ fífúyẹ́, tí kò retí irú rẹ̀, ó lè má tètè rí i yí. Ọpẹ́lọpẹ́ pé dírébà wa ti wa Pijó 504 nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ó rọ́jú, ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á, ó sì rọra gbé ọkọ̀ sẹ́bàá ọ̀nà. Ìyàwó méjì nínú ẹgbẹ́ wa wà níwájú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. A dúpẹ́.

Mẹkáníìkì tí a pè ní kí a ra pọ́ǹpù. A rà á, ó dè é mọ́ ọkọ̀, ó bu ọ́ìlì tuntun kún èyí tó wà níbẹ̀, ó gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Kò tíì pé oṣù mẹ́fà tí igbe fi tún bẹ̀rẹ̀. Àwa ìgbìmọ̀ bínú, a ní wọ́n ta ọjà burúkú fún wa, a sì sáré ra pọ́ǹpù kejì. Ìbẹ̀ ni a ti ṣìṣe, a kò ní fi bò yín.

Bàbá kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ mẹkáníìkì ni a gbé pọ́ǹpù kejì yìí lọ bá. Wọn kò tilẹ̀ yọ ọ́ nínú páálí. Wọ́n yọ ọmọrí ike ọ́ìlì, wọ́n fi ọ̀pá tó wà lára rẹ̀ nu bébà funfun kan, wọ́n sì nà án sí wa. Ohun tó wà lórí bébà náà dú bí ọṣẹ dúdú, èérún sì wà nínú rẹ̀. Bàbá ní, "Kí ni pọ́ǹpù ó ti ṣe ẹ̀yí sí? Ẹ fọ inú rẹ̀ ná." Wọ́n fọ̀ ọ́ níṣojú wa. Ní ìsàlẹ̀ ike náà, asẹ́ kékeré kan wà tí ọ́ìlì ń gbà kọjá. Ìdọ̀tí ti dí i tó bẹ́ẹ̀ tí pọ́ǹpù kò fi rí ọ́ìlì fà bí ó ti yẹ. Nígbà tí wọ́n fọ̀ ọ́ tán, tí wọ́n da ọ́ìlì tuntun sí i, tí wọ́n sì lé afẹ́fẹ́ jáde, igbe náà dákẹ́. Pọ́ǹpù àkọ́kọ́ tí a rà ni ó ṣì wà lára ọkọ̀ títí di òní. Èyí kejì wà nínú stọ́ọ̀ ẹgbẹ́, nínú páálí rẹ̀. Ẹni tó tà á fún wa kò gbà á padà.

Nítorí náà, kí ẹ̀yin tí ẹ ní píkọ́ọ̀pù tó ti dàgbà má baà ná irú owó yìí, ẹ jẹ́ kí a sọ bí wọ́n ṣe ṣe é.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo sítíárìn tó bá le ni ọ́ìlì ń dà láàmú. Ẹ wo afẹ́fẹ́ táyà iwájú. Táyà tí kò ní afẹ́fẹ́ tó máa ń mú sítíárìn wúwo. Ẹ wo bẹ́líìtì pọ́ǹpù: bí ó bá dẹ̀ tàbí tí ó ti sán, yóò máa han gooro bí ẹ bá ti yíwọ́ dé òpin. Igbe ti pọ́ǹpù yàtọ̀, ó máa ń kùn nínú bí ẹni tí inú ń run, ó sì máa ń pọ̀ sí i bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń sáré sí i. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi bébà funfun wo ọ́ìlì. Bí ó bá pupa bí omi zobo tí a là, ó dára. Bí ó bá ti dà bí tíì, ó ti ń gbó. Bí ó bá dúdú, tàbí tí ó ń rùn bí ohun tó jóná, ẹ má fi dọ́la. Bí ó bá sì ń hó bí ọṣẹ, afẹ́fẹ́ ni ó ti wọ inú rẹ̀; ọ́ìlì ti lè lọ sílẹ̀ jù, tàbí kí hóòsì kan ti máa fa afẹ́fẹ́.

Irú ọ́ìlì wo ni kí ẹ rà? Ohun tí a kọ sára ọmọrí ike náà, tàbí sínú ìwé ọkọ̀, ni kí ẹ tẹ̀lé. Hilux àtijọ́ bíi tiwa ń lo ATF, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Dexron II tàbí Dexron III, tó jẹ́ pupa. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí kì í lo ATF rárá. Honda, fún àpẹẹrẹ, ní ọ́ìlì páwà tirẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ọ́ìlì, ẹ gbọ́ èyí pẹ̀lú: ilé-iṣẹ́ General Motors, tí ó ni orúkọ Dexron, kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ mọ́ láti fi orúkọ Dexron III ta ọ́ìlì láti òpin 2006. Nítorí náà, Dexron III tí ẹ bá rí lára ike lónìí, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó ṣe é ni, kì í ṣe ẹ̀rí General Motors. Ẹ ra ti ilé-iṣẹ́ tí ẹ mọ̀, kí ẹ sì wo ìdérí rẹ̀ dáadáa bóyá wọ́n ti ṣí i rí. Ọ́ìlì tí wọ́n wọ̀n sínú ike omi lẹ́bàá títì, àwa kò ní rà á mọ́.

Ohun kan wà tí a fẹ́ kí ẹ dúró lé lórí. Ẹ má ṣe bu ọ́ìlì bíréèkì sínú páwà láéláé. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, a kò ní dárúkọ rẹ̀, ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọ́ìlì páwà tán mọ́ ọn lójú ọ̀nà. Ó ní ọ́ìlì ṣáà ni ọ́ìlì. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí wọ́n fi ṣe ti bíréèkì, rọ́bà inú páwà kò sì bá a rẹ́. Síìlì wú, ó rọ̀, bọ́kìsì bẹ̀rẹ̀ sí í jò láti ibi gbogbo, ó sì ná owó tó tó ra ọ̀pọ̀lọpọ̀ lítà ATF. Èyí tó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ ni kí ènìyàn ṣèèṣì bu ATF sínú ike bíréèkì. Yóò ba rọ́bà bíréèkì jẹ́, ọkọ̀ náà sì lè kọ̀ láti dúró lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀. Ike méjèèjì kì í jìnnà síra wọn lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ ka ohun tí a kọ sórí ọmọrí kí ẹ tó bu ohunkóhun sí i. Bí ẹ bá sì rí i pé ẹ ti ṣèèṣì, ẹ má sítáàtì ọkọ̀ rárá, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí bàbá náà fẹ́ bẹ̀rẹ̀, lítà 2 ATF ni wọ́n ní kí a rà. Ohun tó wà nínú ọkọ̀ kò ju bíi lítà 1 lọ. Ìyókù ni wọ́n fi ń ṣan ìdọ̀tí jáde. Wọ́n tún ní kí a wá sírínjì ńlá tí kò lábẹ́rẹ́, àrọ tó mọ́, ike òfìfo tí ọ́ìlì àtijọ́ yóò wọ̀, púláyà, àkísà, àti ènìyàn kan tí yóò máa yí sítíárìn.

Ilẹ̀ títẹ́jú ni wọ́n gbé ọkọ̀ sí. Wọ́n dúró kí ẹ́ńjìnnì tutù, nítorí ọ́ìlì gbígbóná lè bó ènìyàn lọ́wọ́. Wọ́n fa bíréèkì ọwọ́, wọ́n fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn, wọ́n fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ títí táyà iwájú méjèèjì fi kúrò nílẹ̀, wọ́n sì gbé e lé sítáǹdì irin méjì. Ẹ má fi ọkọ̀ sílẹ̀ lórí jáàkì nìkan, ẹ má sì gbé e lé búlọ́ọ̀kù ìkọ́lé. Búlọ́ọ̀kù máa ń fọ́ láìsọ fún ẹnìkan.

Wọ́n nu ara ike náà àti ọmọrí rẹ̀ kí wọ́n tó ṣí i, kí iyanrìn má baà já sínú rẹ̀. Wọ́n fi sírínjì fa gbogbo ọ́ìlì inú ike jáde. Lẹ́yìn náà, wọ́n wá hóòsì tí ọ́ìlì ń gbà padà. Èyí tí wọ́n fi nọ́ọ̀tì irin dè, tó ń ti pọ́ǹpù lọ sí bọ́kìsì, òun ni agbára wà nínú rẹ̀, a kì í fọwọ́ kàn án. Tìpadà ni wọ́n ń fi kílíìpù mú. Bí hóòsì oníkílíìpù bá jẹ́ méjì lábẹ́ ike, èyí tó nípọn ń lọ sí pọ́ǹpù, èyí tó tínrín ni ó ń bọ̀ láti bọ́kìsì. Wọ́n fi púláyà tẹ kílíìpù, wọ́n yọ hóòsì tó tínrín náà, wọ́n ki ẹnu rẹ̀ sínú ike òfìfo. Ibi tí ó ti yọ lára ike ọ́ìlì, wọ́n fi ìdí rọ́bà dí i. Àkókò yìí ni wọ́n nu asẹ́ inú ike náà mọ́. Bí kò bá ṣe é fọ̀, ike tuntun ni kí ẹ rà, kò wọ́n bíi pọ́ǹpù.

Wọ́n wá bu ATF tuntun kún ike. Dírébà wa wọlé, ó yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀ kí sítíárìn lè ṣí, ṣùgbọ́n kò sítáàtì ẹ́ńjìnnì. Ó rọra yí sítíárìn dé òpin lápá òsì, ó yí i dé òpin lápá ọ̀tún, ó tún yí i padà. Bí ó ti ń yí i ni ọ́ìlì dúdú ń tú jáde sínú ike òfìfo, tí bàbá sì ń bu tuntun sí i lókè. Wọn kò jẹ́ kí ike òkè gbẹ rárá, kí afẹ́fẹ́ má baà wọlé. Àwọn mẹkáníìkì kan máa ń sítáàtì ọkọ̀ kí ó lè yá. Ọ́ìlì máa ń tú jáde kíákíá nígbà náà ju bí a ti lè bù ú lọ, pọ́ǹpù á sì yí ní gbígbẹ. Ní tiwa, a fara mọ́ ti bàbá: ẹni tí kò bá kánjú kò ní ra pọ́ǹpù mìíràn. Nígbà tí èyí tó ń jáde ti pupa bí èyí tó ń wọlé, wọ́n dá a dúró, wọ́n dá hóòsì padà sáyè rẹ̀, wọ́n sì mú kílíìpù rẹ̀ le.

Ó ku afẹ́fẹ́. Wọ́n bu ọ́ìlì dé ibi tí a sàmì sí fún ìgbà tí ọkọ̀ tutù. Láìsítáàtì, dírébà tún yí sítíárìn láti òpin dé òpin bí ìgbà 20, bẹ́ẹ̀ ni ìfófó ń yọ lójú ike. Ìgbà tí ìfófó dín kù ni wọ́n tó sítáàtì ẹ́ńjìnnì, láìtẹ sípíìdì, tí ó sì tún rọra yí i. Kò di sítíárìn mú ní òpin ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ, nítorí ibẹ̀ ni agbára ọ́ìlì ti máa ń ga jù, ó sì lè ba pọ́ǹpù jẹ́. Bí ọ́ìlì bá ń hó funfun, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kí ó sinmi díẹ̀ kí ẹ tó tún bẹ̀rẹ̀. Níkẹyìn wọ́n sọ ọkọ̀ kalẹ̀, wọ́n wọn ọ́ìlì, wọ́n bu díẹ̀ sí i. Ẹ má bù ú kọjá àmì, yóò ru jáde bí ó bá gbóná.

Ní ọjọ́ kejì, a tẹ́ páálí sábẹ́ ọkọ̀ láti wò bóyá ó ń jò. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà, nítorí ATF tó bá ń kán sórí ẹ̀sọ́ọ̀sì gbígbóná lè gbiná.

Ọ́ìlì àtijọ́ náà wà nínú kẹ́ẹ̀gì. A mọ̀ pé àwọn kan máa ń da irú rẹ̀ sínú gọ́tà, ṣùgbọ́n kànga àwọn ará ẹ̀yìn ọjà kò jìnnà, omi náà ni gbogbo wa sì ń mu. A ti fún àwọn tó ń gba ọ́ìlì àlòkù kiri.

Ìgbìmọ̀ ti pinnu pé lẹ́ẹ̀kan ní ọdún méjì ni a óò máa pààrọ̀ ọ́ìlì páwà Hilux ẹgbẹ́, a ó sì máa fi bébà funfun yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Dírébà ni yóò máa wò ó, akọ̀wé ni yóò máa kọ ọ́ sínú ìwé ọkọ̀. Ìwé náà wà ní ọ́fíìsì, ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ lè béèrè rẹ̀.

Pọ́ǹpù kejì ṣì wà nínú páálí. Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ní Hilux irú tiwa, tí pọ́ǹpù rẹ̀ ti bàjẹ́, kí ó wá rí akápò. Iye tí a rà á ni a óò tà á, a kò fi èrè kankan lé e. Kí ó sáà mú bébà tí ó fi nu ọ̀pá ọ́ìlì rẹ̀ dání wá, kí a kọ́kọ́ jọ wò ó.